Tákàbà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Agúnyán

Ìbíwùnmí Bádéjọ ni orúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, ilé kan ṣoṣo ló ti ń gbé, Ìbafo sì ni ilé náà wà.

Kò sí ẹni tó ń pè é lórúkọ yẹn mọ́. Ìyá Hameedah ni àdúgbò ń pè é. Ìyàwó ni àwọn ẹbí ọkọ ń pè é, bí orí rẹ̀ tilẹ̀ ti funfun. Aṣọ ló ń rán. Hijáàbù àti yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ni tirẹ̀. Kì í rán aṣọ òde. Ó ní aṣọ òde ní ìjà nínú.

Lukman, ọkọ rẹ̀, bíríkìlà ni. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé náà, yàrá méjì àti pálọ̀ kan. Ilẹ̀ ibẹ̀, ilẹ̀ àbàtà ni. Nígbà tí wọ́n rà á, ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n bá níbẹ̀. Lukman da yanrìn sí i. Ilẹ̀ gbé e mì. Ó tún dà á. Ilẹ̀ tún gbé e mì. Nígbà tó yá, ilẹ̀ yó, ó gbà fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kọ́ gbogbo ilé tó wà ní òpópónà yẹn. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ń sọ pé orí ilẹ̀ ni ilé àwọn wà. Orí yanrìn ló wà, yanrìn sì wà lórí omi.

Ìparí ọ̀gbẹlẹ̀ ni Lukman kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, ó ní kí ìyàwó òun bá òun mú bàtà. Kí bàtà tó dé, ó ti lọ. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kan náà bí ẹ̀sìn ṣe wí, Ìbíwùnmí sì wọ tákàbà.

Tákàbà ni ìjókòó tí obìnrin Mùsùlùmí ń jókòó nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá kú. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni. Inú ilé tí ọkọ fi í sí ni yóò wà. Kò ní lé tìróò, kò ní wọ yẹtí, kò ní fi òórùn dídùn para. Kò ní jáde, àfi bí ọ̀ràn bá le. Ohun tí òfin sọ nìyẹn. Àmọ́ àwọn ará ilé a máa fi tiwọn lé e. Ní ìdílé Bádéjọ, wọ́n ní obìnrin tó wà nínú tákàbà kò gbọdọ̀ dá ọkùnrin àjèjì lóhùn. Wọ́n ní ohùn rẹ̀, òkú ló ni ín títí ọjọ́ yóò fi pé. Kò sí kéwú tí wọ́n ti kà á. Ẹnu ìyá wọn ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Ìyàwó kan ti wà nínú ẹbí náà rí tó jáde nínú tákàbà. Ó lọ wo ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà Ifọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó ti pẹ́. Títí di òní, bí obìnrin náà bá dé ibi ìnáwó, wọn a ní, "Ẹ bá a gbé àga o, kò lè jókòó pẹ́." Wọn a rẹ́rìn-ín. Òun náà a bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìbíwùnmí ti wo ojú rẹ̀ dáadáa nígbà tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí òun rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láé. Òun yóò jókòó ti ọkọ òun nínú ilé tó kọ́. Bí ó bá pé, òun yóò dìde, ẹnikẹ́ni kò ní rí nǹkan sọ sí òun.

Ṣàràfá, àbúrò Lukman, ló wá láti Ifọ̀ wá fi í jókòó. Èèyàn tó fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ìyàwó," ló ní, "ẹ̀gbọ́n mi ò ní ilé méjì. Ibi tó fi ọ́ sí, ibẹ̀ ni kó o wà."

"Mo gbọ́, ọkọ mi."

"Ẹnikẹ́ni tó bá kanlẹ̀kùn tí kì í ṣe tiwa, bó bá jẹ́ ọkùnrin, má dá a lóhùn."

"Mo gbọ́, ọkọ mi."

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"Hameedah ọmọ mi á máa gbé e wá láti ilé rẹ̀ ní Mowe."

"Ọlọ́run á rọ̀ ọ́ lọ́rùn."

Ó nu ojú, ó wọ ọkọ̀, ó padà sí Ifọ̀.

Ìjókòó náà kò tíì jìnnà nígbà tí katapílà dé. Ẹ̀yìn ilé wọn, níbi tí ewé kókò ti ń hù fúnra rẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan ti rà á. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí ńlá síbẹ̀. Àwọn kò ṣe bíi ti Lukman. Yanrìn kò tó wọn. Irin gígùn ni wọ́n ń gbá wọ inú ilẹ̀ títí ẹnu irin yóò fi kan ibi tó le. Ẹ̀rọ kan tó ga ju igi àgbọn ló ń gbá a. Á gbé òòlù sókè, á dúró díẹ̀, á jù ú sílẹ̀.

Màmá Delight ló sọ ẹ̀rọ náà ní Agúnyán. Ilé kejì ni òun àti ọkọ rẹ̀ wà. Èkó ni wọ́n ti kó wá. Ọmọ ìjọ onígbàgbọ́ ni, iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Magboro ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ gbá irin, ó dúró lójú fèrèsé Ìbíwùnmí.

"Màmá, ẹ gbọ́ Agúnyán! Iyán ti dé, ta ló se ọbẹ̀?"

Ìbíwùnmí rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn, ó ṣì ṣeé fi rẹ́rìn-ín.

Ariwo nìkan kọ́. Bó bá jẹ́ ariwo ni, èèyàn á fi òwú dí etí. Inú ilẹ̀ ni èyí ń gbà wá. Ilẹ̀ àbàtà dà bí ẹ̀kọ tó dì nínú abọ́. Bí o bá fọwọ́ kàn án létí kan, etí kejì á mì. Bí Agúnyán bá gbá irin, àtẹ́lẹsẹ̀ ni Ìbíwùnmí fi ń kọ́kọ́ mọ̀, lẹ́yìn náà egungun ìdí, lẹ́yìn náà eyín. Etí ló ń gbọ́ ọ gbẹ̀yìn.

Ife ń rìn lórí tábìlì. Abẹ́rẹ́ máṣíìnì ń gún ibi tí kò fi sí. Ó tú hijáàbù kan, ó tún un rán, ó tún tú u. Ó wá da aṣọ bo máṣíìnì, ó gbé e tì. Omi kànga pọ́n bíi tíì. Adìyẹ Màmá Delight kò yé mọ́. Àwọn èèyàn kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí òòlù bá wà lókè. Wọn a sọ díẹ̀, wọn a dákẹ́, òòlù a balẹ̀, wọn a sọ ìyókù. Àlejò tó bá dé á rò pé akólòlò ni gbogbo àdúgbò.

Ìrun ló nira jù fún Ìbíwùnmí. Ó ń ṣì í kà. Bó bá forí kanlẹ̀, ilẹ̀ á ti iwájú orí rẹ̀ padà, yóò sì gbàgbé ibi tó dé. Ó bá ń dúró kí àwọn òṣìṣẹ́ lọ jẹun kó tó kí ti ọ̀sán. Ti Alásárì ìrọ̀lẹ́, kò rí i ṣe. Ó ń kí i bó ṣe rí, ó ń tọrọ ìdáríjì.

Àwọn yòókù rí ibi sá sí. Wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́. Àwọn tó wà nílé a gbé àga lọ sábẹ́ igi máńgòrò ní ìkángun òpópónà, ibẹ̀ kì í mì tó bẹ́ẹ̀. Ìbíwùnmí ń gbọ́ ẹ̀rín wọn lọ́hùn-ún. Òun, yàrá sí pálọ̀ ni, pálọ̀ sí yàrá. Ó wá gbogbo inú ilé yípo, bóyá ibì kan wà tí ìmìtìtì náà ti fúyẹ́. Kò sí. Ó gbé ẹsẹ̀ lé orí ìrọ̀rí, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Egungun ìdí ń gbọ́ ọ síbẹ̀.

Tí iṣẹ́ bá parí nírọ̀lẹ́, gbogbo nǹkan á dákẹ́. Kò ní dákẹ́ nínú rẹ̀. Yóò máa retí òòlù tí kò ní balẹ̀ mọ́. Èyí ń rẹ̀ ẹ́ ju èyí tó balẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni ìlà yọ lára ògiri lókè ìlẹ̀kùn pálọ̀. Ó kọ́kọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ. Kò pẹ́, ó nípọn bí òwú tí wọ́n fi ń rán bàtà. Nígbà tó yá, Ìbíwùnmí ki ìka bọ̀ ọ́, ìka wọlé. Màmá Delight yọjú wò ó láti ojú fèrèsé.

"Háà! Èyí kọjá ti aláǹgbá, Màmá. Awọ́nríwọ́n ló máa gba ibí wọlé."

Férémù ìlẹ̀kùn àbáwọlé tẹ̀. Ìlẹ̀kùn náà bẹ̀rẹ̀ sí há. Bí Hameedah bá gbé oúnjẹ dé láti Mowe, yóò fi èjìká tì í kó tó wọlé. "Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ mi, Màmá," ló ń wí lójoojúmọ́.

"Kí wọ́n lè máa gbé àga fún mi níbi ìnáwó?" ni ìyá rẹ̀ á fi dá a lóhùn.

Nígbà tí ariwo àwọn ará àdúgbò pọ̀, ọ̀gá sáìtì náà jáde sí wọn. Olúsànyà ni orúkọ rẹ̀. Ọmọlúàbí ni, ó ń dọ̀bálẹ̀ kí àgbà pẹ̀lú akoto lórí. Ó ní ilé tí èèyàn bá wà nínú rẹ̀, àwọn kò ní gbé Agúnyán dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà tó ń fi ẹ̀sọ̀ lu ihò, ìyẹn ni àwọn yóò lò níbẹ̀, bó tilẹ̀ falẹ̀. Ilé tí kò bá sí èèyàn nínú rẹ̀, Agúnyán náà ni. Ó ní òun yóò wá láti ojúlé dé ojúlé wá wò ó. Ìbíwùnmí gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu Màmá Delight.

Ó sì wá, lọ́jọ́ iṣẹ́. Màmá Delight wà ní Magboro. Hameedah kò tíì dé. Ìbíwùnmí jókòó ní pálọ̀ nígbà tó gbọ́ ìkanlẹ̀kùn.

"Ẹ ǹlẹ́ níbí o! Ṣé ẹ wà ńlé?"

Ohùn ọkùnrin. Ìbíwùnmí fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ̀yin ará ilé! Ẹ dáhùn o, torí ilé yín náà ni!"

Ó rí òjìji ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ìlẹ̀kùn. Bàtà ńlá ni. Ikọ́ ń yún un lọ́fun. Kò wú u. Ó rò pé ikọ́ pàápàá, ohùn ni. Ó kàn ń wo ìlẹ̀kùn, ó ń bẹ Ọlọ́run kí ọkùnrin náà sáà mọ̀ fúnra rẹ̀ pé èèyàn wà nínú ilé. Olúsànyà ti ìlẹ̀kùn. Ìlẹ̀kùn há, kò ṣí.

"Wọ́n ti tì í pa," ló wí fún ẹni tó tẹ̀ lé e.

"Bàbá tó ni ín ti kú. Wọ́n á ti kó lọ."

"Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Ó dáa, kò sí èèyàn níbí."

Òjìji ẹsẹ̀ náà kúrò. Ìbíwùnmí wá wú ikọ́ náà.

Nírọ̀lẹ́, Màmá Delight gbọ́. Kò tíì sọ báàgì kalẹ̀ tó fi dé ojú fèrèsé.

"Màmá! Wọ́n kanlẹ̀kùn yín, ẹ ò dáhùn?"

"Ọkùnrin ni."

"Ọkùnrin ni! Agúnyán ńkọ́, obìnrin nìyẹn?"

"Ọkọ mi Ṣàràfá ló ní kí n má dáhùn."

"Níbo ni Bọ̀dá Ṣàràfá ń sùn?"

"Ifọ̀."

"Ẹn-ẹn. Agúnyán ò dé Ifọ̀."

Màmá Delight rí i pé omi ti lé sójú Ìbíwùnmí, ó bá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní kó má ṣèyọnu, òun yóò lọ bá wọn sọ ọ́. Ó lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì kó tó wọ ọkọ̀ iṣẹ́. Ọ̀gá kò tíì dé. Ẹ̀ṣọ́ ló bá lẹ́nu géètì. Ẹ̀ṣọ́ ní ọ̀gá àwọn dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀, ó kanlẹ̀kùn, ó pè, kò gbọ́ èèyàn. Ó ní àwọn mìíràn ti ń fẹ́ fi ọgbọ́n àrékérekè dí iṣẹ́ lọ́wọ́. "Kí ẹni tó wà níbẹ̀ jáde sí wa, ká fojú rí i. Ó tán."

Màmá Delight jíṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán an.

"Kí n jáde?" ni Ìbíwùnmí wí.

"Kí ẹ jáde sí wọn lẹ́ẹ̀kan péré, Màmá."

Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ìyàwó tó lọ wo ìsọ̀ lọ́jà Ifọ̀ náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ìbíwùnmí mi orí. Ó fa kọ́tìnì.

Wọ́n gbé Agúnyán dé ẹ̀yìn ògiri rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Hameedah ló kọ́kọ́ rí i nígbà tó ń gbé oúnjẹ bọ̀. Ó ju abọ́ oúnjẹ sọ́dọ̀ Màmá Delight, ó sáré pe Alfa Zubair, ẹni tó kí ìrun sí bàbá rẹ̀ lára. Ó pe Ṣàràfá náà lórí fóònù. Màmá Delight tún sáré lọ sẹ́nu géètì, ẹ̀ṣọ́ ní àfi kí ẹni tó wà nínú ilé jáde. Nígbà tí Ṣàràfá fi dé láti Ifọ̀, ìlẹ̀kùn àbáwọlé ti há pátápátá. Ìgbá kọ̀ọ̀kan tí òòlù bá gbá, ògiri ń jókòó lé férémù lórí.

Wọ́n dúró síta. Ìbíwùnmí wà nínú ilé lórí bẹ́ẹ̀dì, fèrèsé yàrá ṣí sílẹ̀, irin sì wà lójú fèrèsé. Ọwọ́ lásán ló lè gba ibẹ̀ kọjá. Ó ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn, díẹ̀díẹ̀, nígbà tí òòlù bá wà lókè.

Ṣàràfá gbé èjìká ti ìlẹ̀kùn.

"Ẹ fi í sílẹ̀!" Alfa Zubair kígbe. "Ìlẹ̀kùn yẹn ló gbé ògiri dúró báyìí. Bí ẹ bá tì í, ẹ ó wó o lé e lórí."

"Ẹ jẹ́ ká pe káfíńtà," ni Ṣàràfá wí.

"Kí káfíńtà wá ṣe kí ni?"

Òòlù balẹ̀. Sìmẹ́ǹtì já bọ́ láti ara ògiri pálọ̀, ó fọ́ yángá sórí máṣíìnì ìránṣọ. Eruku wọ yàrá. Ìbíwùnmí wú ikọ́.

"Ìyá Hameedah!" Alfa mú ẹnu sún mọ́ irin fèrèsé. "Ẹ gbọ́ mi o. Òfin ò ní kí èèyàn jókòó sábẹ́ ògiri tó ń wó. Tákàbà yín ò bàjẹ́. Ẹ jáde, ẹ lọ parí rẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ yín. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn kẹ̀?" Ṣàràfá fò sókè. "Alfa, ọkùnrin ló kún ẹ̀yìn! Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi á jáde sáàárín ọkùnrin nínú tákàbà? Wọn ò gbọdọ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀ pàápàá!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá wa ni."

"Ọlọ́run á foríjì wọ́n. Kò sí nínú òfin."

"Alfa, ẹ ò mọ ẹbí wa. Àwọn obìnrin wa..."

Òòlù balẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kan yọ láti orí ògiri, ó bọ́ síta, ó balẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ Ṣàràfá wà tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ṣàràfá ti dé abẹ́ igi máńgòrò. Fìlà rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bọ̀dá Ṣàràfá!" Màmá Delight kígbe sí i. "Ẹ padà wá jókòó tì wọ́n o! Ilé ẹ̀gbọ́n yín náà ni!"

Láti abẹ́ igi náà, Ṣàràfá ń na ọwọ́, ó ń sọ nǹkan. Ìbíwùnmí rí ẹnu rẹ̀ tó ń là tó ń pa. Ó lè jẹ́ "jáde" ló ń wí. Ó lè jẹ́ "má jáde." Agúnyán kò jẹ́ kó gbọ́.

Ó wo ògiri. Ilẹ̀ ń mì í lórí bẹ́ẹ̀dì, eyín rẹ̀ ń kanra wọn. Ó ronú kan ọ̀gá sáìtì náà, àti bàtà ńlá rẹ̀ lábẹ́ ìlẹ̀kùn. Hòo kan ṣoṣo ni. Bó bá jẹ́ hòo lásán ni òun jẹ́ lọ́jọ́ náà, Agúnyán kì bá tí dé ibí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó ti ń gbọ́ òwe náà láti kékeré, àwọn tó ń jà sí ilẹ̀ ló rò pé wọ́n pa á fún. Òun ti dákẹ́ nítorí ilé yìí, wọ́n sì ti ka ilé náà mọ́ èyí tí kò ní èèyàn.

Ó mọ ohun tí wọn yóò sọ nílé Bádéjọ. Ó mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ ọ́, ó sì mọ bí ẹ̀rín náà yóò ṣe rí. Kò sí bí òun yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn láìgbọ́ ọ. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀, kò sì sí èyí tó dára nínú wọn. Àmọ́ ọ̀kan ní òrùlé tó ń wó bọ̀ nínú.

"Màmá!" Hameedah ń sunkún lójú fèrèsé. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́!"

"Kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri," ni ìyá rẹ̀ wí fún un. "Lọ dúró lójú títì. Mò ń bọ̀."

Ó dìde. Ó gbọn eruku kúrò lára hijáàbù, ó wọ̀ ọ́, ó fà á wálẹ̀ dáadáa. Ó gba ọ̀nà kọ̀ọ̀rọ̀, ó dé ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ìyẹn kò há. Oòrùn lù ú lójú. Àwọn ọkùnrin alákoto dúró níwájú rẹ̀ kítikìti, irin gígùn wà láàárín wọn, òòlù wà lókè. Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Èèyàn wà níbí!" ló kígbe.

Ó tún un wí, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀kan nínú wọn ju ọwọ́ sókè sí ẹni tó wà nínú ẹ̀rọ. Ìbíwùnmí kò dúró wò ó bóyá òòlù náà yóò balẹ̀ tàbí kò ní balẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé, ó yọ sójú títì bá Hameedah, ó sì gba ọ̀nà Mowe lọ.